Ẹ gba fọ́ọ̀mù yẹn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ọsibítù kan ní Iléṣà níbí tún ti kó fọ́ọ̀mù jáde, kí aláìsàn fún ìtọ́jú ní máàkì. Wọ́n ní iye máàkì ni àwọn yóò máa wò kí wọ́n tó san owó àjẹmọ́nú fún àwọn òṣìṣẹ́. Ta ló ń pín in? Nọ́ọ̀sì tó ń fún un lábẹ́rẹ́ ni. Aláìsàn ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò tíì fọwọ́ sí i kó máa lọ sílé. Ta ni yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n jágbe mọ́ òun?

Owó tó ń tẹ̀lé iṣẹ́ kò burú. Láti 2012 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀ nínú owó tó yẹ ọsibítù lábẹ́ Medicare, ètò tí ìjọba fi ń sanwó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà (ìdá 2 nínú 100 ni báyìí), ẹni tó ṣe dáadáa ní í gbà á padà. Ṣùgbọ́n aláìsàn gbọ́dọ̀ ti kúrò ní ọsibítù fún wákàtí 48, kó má sì tíì ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ, kí wọ́n tó kàn sí i láti bi í bí ìtọ́jú ṣe rí. Wọn kì í bi í bóyá inú rẹ̀ dùn nìkan; wọ́n á bi í bóyá gbogbo ìgbà ni nọ́ọ̀sì ń fara balẹ̀ gbọ́ ọ, àbí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tiẹ̀ yọ ìbéèrè nípa ìrora kúrò nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣírò owó, kí dókítà má baà máa pín oògùn líle torí máàkì. Ondo tó múlé gbè wá náà ti lo ètò báyìí pẹ̀lú owó Báńkì Àgbáyé, ẹgbẹ́ àdúgbò ló sì ń wá aláìsàn lọ sílé. Àwọn ọ̀gá wa ò ṣe tán láti wo ẹ̀yìn odi. Fọ́ọ̀mù ni tiwọn.

Ẹ ṣe é báyìí. Lóṣooṣù, kí wọ́n mú orúkọ kan nínú márùn-ún láti inú ìwé àwọn tó ti lọ sílé. Kí wọ́n kó o fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìlera, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọsibítù náà. Kí wọ́n pe aláìsàn lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ọjà, kí wọ́n sì fi èdè Ìjẹ̀ṣà bi í. Bí kò bá gbé e, kí wọ́n tún pè é lọ́jọ́ mìíràn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó mú ẹlòmíì. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ nìkan ni a ó máa gbọ́ tiwọn. Wọ́ọ̀dù tí ìdáhùn rẹ̀ ò tó 30, kí wọ́n da ti oṣù mẹ́ta pọ̀, torí ìbínú ẹnì méjì péré lè ba máàkì rẹ̀ jẹ́. Kí orúkọ aláìsàn má sì padà dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì láéláé.

Kí owó náà dé yàrá káàdì àti ọ̀dọ̀ akápò pẹ̀lú, torí níbẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Kí wọ́n sì máa lẹ èsì mọ́ ògiri.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gba fọ́ọ̀mù yẹn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ná.

Òṣìṣẹ́ ìlera kan,
Òkèṣà, Iléṣà.