Owó Kéékèèké Tó Ń Dínà Ẹ̀kọ́-Ọ̀fẹ́ Òkè Òkun Mọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ wa tó ti gba oyè àkọ́kọ́, tí wọ́n sì fẹ́ tẹ̀síwájú nínú ẹ̀kọ́ wọn lókè òkun. Ọmọ Iléṣà ni mí, ṣùgbọ́n Lágere ní Ilé-Ifẹ̀ ni ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mi wà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde àti àwọn àgùnbánirọ̀ ti ń wá tẹ ìwé, tí wọ́n ti ń kún fọ́ọ̀mù, tí wọ́n sì ti ń fi ẹ̀rí ẹ̀kọ́ wọn ránṣẹ́ sí àwọn yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè. Ohun tí ojú mi ti rí nídìí iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kí n gbà pé kì í ṣe owó ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù ló ń dá ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró. Owó kéékèèké tó ṣáájú rẹ̀ ni, àti owó gọbọi tí àwọn òbí ń kó fún ajẹ́ntì lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kì í tà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti àwọn ajẹ́ntì. Ìwé ìpolówó wọn wà lára ògiri káàkiri ìgboro, ìlérí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ló sì kún inú rẹ̀. Bí ó ti máa ń rí nìyí: ajẹ́ntì yóò gba owó iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò mú lẹ́tà dé láti yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé wọ́n ti yọ 3,000 pọ́n-ùn kúrò nínú owó tí ọmọ yóò san. Inú ilé yóò dùn, wọn yóò dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n bí owó ilé-ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ 18,000 pọ́n-ùn, 15,000 ṣì kù nílẹ̀, bí a bá sì ṣírò pọ́n-ùn kan ní 2,000 náírà, ọgbọ̀n mílíọ̀nù náírà nìyẹn, kí a tó sọ ti oúnjẹ àti ilé gbígbé. Ibẹ̀ ni oko kòkó ti ń di títà. Ẹ̀dínwó bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n bá ti gbà wọlé, láìsí pé ajẹ́ntì kankan bẹ̀ wọ́n.

Ohun tí àwọn òbí kò mọ̀ ni pé àwọn yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti níbòmíràn a máa san owó fún ajẹ́ntì lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá mú wá. Inú owó tí akẹ́kọ̀ọ́ san ni wọ́n ti ń yọ ti ajẹ́ntì. Kí ni yóò wá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ darí ọmọ wa sí ibi tí wọn kì í ti í gba owó rárá? N kò sọ pé gbogbo wọn ni oníjìbìtì. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ wọn bó ti yẹ fún ẹni tó lówó lọ́wọ́ tó sì fẹ́ san án. Ẹni tó ń wá ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ gan-an ni kò ní nǹkan í ṣe lọ́dọ̀ wọn.

Nítorí pé ọ̀pọ̀ ètò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tó gbé gbogbo bùkátà akẹ́kọ̀ọ́ ni kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń tọrọ rẹ̀. Chevening ti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gba kọ́bọ̀. Ọdún kan ló fi ń kọ́ni fún oyè másítà, ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, owó ọkọ̀ òfuurufú àti owó ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì ó kéré tán, ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ padà wálé fún ọdún méjì. Ti Commonwealth, tí wọ́n fi lélẹ̀ ní ọdún 1959, náà wà, ó sì ní apá kan tó wà fún kìkì àwọn tí kò lè dá owó ẹ̀kọ́ náà san. Ti Turkey kò gba owó fọ́ọ̀mù. Erasmus Mundus ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jẹ ẹ́ ní 1,400 yúrò lóṣù, yóò sì kàwé ní orílẹ̀-èdè méjì ó kéré tán kó tó gba oyè másítà rẹ̀.

Jámánì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dárúkọ. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba níbẹ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ti ń gba 1,500 yúrò ní sáà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù láti ọdún 2017. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fún ọmọ ní físà, ó ní láti fi hàn pé òun ní 11,904 yúrò nínú àkáǹtì kan tí yóò máa ti inú rẹ̀ yọ ìwọ̀nba lóṣooṣù, àyàfi tí ètò kan bíi DAAD, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ti ilẹ̀ Jámánì, bá ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, oúnjẹ àti ilé ni kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní ti Sweden, Finland àti Norway tí àwọn àgbà ṣì ń ròyìn fún àwọn ọmọ, ayé ti yí níbẹ̀: Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àwọn bíi tiwa ní 2011, Finland ní 2017, Norway ní 2023.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ dúró lé díẹ̀ ni ti Amẹ́ríkà, nítorí pé òun ló fẹ̀ jù, òun náà sì ni àwọn òbí wa mọ̀ kéré jù. Níbẹ̀, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sí oyè ọ̀mọ̀wé, òun náà ló sì sábà máa ń gbé bùkátà rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa ran ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, yóò máa bá a máàkì iṣẹ́ wọn, tàbí kó máa bá a ṣe ìwádìí nínú yàrá ìwádìí, fún nǹkan bí 20 wákàtí lọ́sẹ̀. Nítorí iṣẹ́ yìí, yunifásítì yóò yọ̀ǹda owó ilé-ẹ̀kọ́ fún un pátápátá tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pátápátá, wọn yóò sì tún máa san owó ìtọ́jú fún un. Ọmọ tó ní oyè àkọ́kọ́ tó dára lè wọlé tààrà láì kọ́kọ́ gba oyè másítà. Àwọn òbí kì í gba èyí gbọ́ nítorí pé ètò tiwa níhìn-ín kò rí bẹ́ẹ̀, wọn a sì máa ná ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù lórí oyè másítà tí kò sí owó ìrànwọ́ púpọ̀ nídìí rẹ̀, nígbà tí oyè tó ga jù ú lọ wà nítòsí tí wọ́n ń sanwó fún ẹni tó ń kà á.

Ohun tí èyí ń béèrè ni iṣẹ́ orí, kì í ṣe owó. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ irú ìwádìí tí òun fẹ́ ṣe, kó ka ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti kọ, kó tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i. Èyí tí mo máa ń rí lórí kọ̀ǹpútà mi ni lẹ́tà kan náà tí wọ́n ń pààrọ̀ orúkọ lórí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tilẹ̀ gbàgbé láti pààrọ̀ orúkọ náà, ó sì ń ráhùn pé àwọn òyìnbó kì í dáhùn lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ àsìkò tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń ti fọ́ọ̀mù pa ní oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní fún ẹni tí yóò wọlé ní oṣù kẹjọ, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti fohùn ṣọ̀kan pé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá fún ní irú ìrànwọ́ yìí ní àǹfààní títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin láti dáhùn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó lónìí kí àyè ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ọmọ yín má baà bọ́ ní Amẹ́ríkà kò sọ òtítọ́ fún yín. Kí n má sì tan ẹnikẹ́ni jẹ: òfin físà Amẹ́ríkà ti le sí i fún àwọn ọmọ Nàìjíríà láti ọdún 2025, ó sì yẹ kí ọmọ kọ̀wé sí orílẹ̀-èdè mìíràn pẹ̀lú.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan owó kéékèèké tí mo wí. Bí a bá ṣírò dọ́là kan ní 1,500 náírà, fọ́ọ̀mù yunifásítì kan tó jẹ́ 75 dọ́là di 112,500 náírà. Ìdánwò GRE, tí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ń béèrè kí wọ́n tó gba ènìyàn wọlé, jẹ́ 220 dọ́là, 330,000 náírà nìyẹn. Owó SEVIS, ìyẹn owó ìforúkọsílẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè kó tó lọ gba físà, jẹ́ 350 dọ́là, èyí tó ju ìdajì mílíọ̀nù náírà lọ. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ 70,000 náírà láti ọdún 2024. Ọmọ tí yunifásítì ti ṣetán láti ná ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lé lórí ló ń jókòó sílé nítorí owó ìdánwò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló ti fi GRE sílẹ̀ láti ọdún 2020, àwọn mìíràn a sì yọ̀ǹda owó fọ́ọ̀mù fún ẹni tó bá kọ̀wé bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ẹni tó mọ̀ pé ó ṣeé bẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo èsì ìdánwò ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọmọbìnrin kan láti Iléṣà, tó fi ipò kìíní jáde nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, rí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Kánádà tó fẹ́ gbà á, owó ìtọ́jú sì wà nílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ti jáde fi àkọsílẹ̀ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ tààrà. Ó san owó rẹ̀, ó sì ń lọ síbẹ̀ lemọ́lemọ́. Lónìí, akọ̀wé kò sí níjokòó; lọ́la, iná kò sí; lọ́jọ́ mìíràn, wọn kò rí fáìlì. Nígbà tí ìwé náà fi máa dé Kánádà, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí àyè náà. N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n yóò béèrè fún transcript rẹ̀ kó tó tilẹ̀ lọ sìnrú ìlú, kó má dúró di ìgbà tí ẹnìkan bá béèrè rẹ̀.

Ìjọba kò ní gbà wá nínú èyí. Ètò ẹ̀yáwó NELFUND tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024 wà fún ẹ̀kọ́ abẹ́lé. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ti àjọ ìjọba tó ń jẹ́ TETFund wà fún àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ti àjọ PTDF sì wà fún ìmọ̀ tó jẹ mọ́ epo rọ̀bì. Ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń ran àwọn ọmọ lọ sí Rọ́ṣíà, Morocco àti irú wọn, wọ́n ti fòpin sí i ní ọdún 2025, lẹ́yìn tí àwọn tó wà níbẹ̀ ti ké gbàjarè pé àwọn kò rí owó ìtọ́jú gbà.

Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa kò dúró de ìjọba. Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1934, nígbà tí owó kò pọ̀ tó báyìí nílùú. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ẹgbẹ́ ìjọ pọ̀ ní Ifẹ̀ àti Iléṣà títí di òní, a sì mọ ohun tí a ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́ nígbà Ìwúde àti Ọlọ́jọ́. (Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aṣọ ò ṣeé fọwọ́ kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.) N kò ní kí ẹgbẹ́ san owó yunifásítì fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí wọ́n ya ìwọ̀nba owó sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún transcript, ìdánwò, fọ́ọ̀mù àti físà, fún ọmọ tó bá ní lẹ́tà ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Wọ́n lè fi ṣe ẹ̀yáwó tí kò ní èlé, kí ọmọ dá a padà nígbà tó bá ti ń gba owó ìtọ́jú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bẹ̀rù pé kò ní san án, kí ó rántí pé àwa Ìjẹ̀ṣà la bí òṣómàáló. A mọ bí a ṣe ń gba gbèsè.

Àwọn kan yóò ní bí a bá rán wọn lọ, wọn kò ní padà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ta ilẹ̀ bàbá wọn kí wọ́n tó lọ ni kò ní nǹkan tí wọn yóò padà sí, àwọn tó jẹ gbèsè lọ ni kò sì ní lè fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sílé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀yin náà lè ràn wá lọ́wọ́, Olóòtú. Láti oṣù kẹjọ títí di oṣù kìíní ni ọ̀pọ̀ ètò wọ̀nyí máa ń ṣí, tí wọ́n sì máa ń tì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù ní àsìkò náà, kí ẹ máa kọ orúkọ ètò tó ṣí sílẹ̀, ọjọ́ tí yóò tì, irú èsì tí wọ́n ń béèrè, àti bóyá wọ́n ń gba owó fọ́ọ̀mù tàbí wọn kì í gbà, kí òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè kà á kí ajẹ́ntì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi yóò lẹ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ mi fúnra mi.

Èmi ni ti yín ní tòótọ́,

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan,
Lágere, Ilé-Ifẹ̀.