Lẹ́tà sí Bàbá Kékeré, tó ní orin ti kú

Bàbá Kékeré mi,

Àwọn ọmọ yín ti gbé ètò ìsìnkú yín sórí WhatsApp ẹbí. Ibi tí a ó ti ṣe ìsìn kò dá wàhálà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni jà lórí màlúù. Orin ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn tó wà lókè òkun ní DJ làwọn fẹ́, pé ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀ á tẹ́ tàgbà tèwe lọ́rùn. Àǹtí wa tó wà ní Yábà, Oǹdó, ní kí wọ́n má dán an wò, pé ọmọ Èkìmògún bíi tiyín kò ní wọlẹ̀ láìsí onílù àti onígìtá tí gbogbo ayé fojú rí. Ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ yín bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé orin àtijọ́ ti gùn jù, pé oorun ló máa ń kun òun. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ohùn yín ni mo ń gbọ́: "Orin ti kú ní Nàìjíríà. Ariwo ló kù."

Ẹ ti ń sọ ọ́ kí n tó gbọ́njú. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì lé àwo lọ, ẹ tún un sọ nígbà tí sídì lé kásẹ́ẹ̀tì lọ. Ìgbà tí mo wá kí yín kẹ́yìn, tí ẹ kò lè dá gbé ṣíbí dé ẹnu mọ́, orin kan ń gba ojú fèrèsé wọlé láti ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ẹ kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ juwọ́ sí mi pé kí n pa fèrèsé dé.

Ibi tí mo ti mọ orin, ọ̀dọ̀ yín ni. Ṣọ́ọ̀bù yín l'Ọ́yẹ́mẹ́kùn, Àkúrẹ́, pẹ̀lú sípíkà méjì tó kọjú sí títì, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé etí àwo ni wọ́n ń dì mú, kí ìka má kan ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé orin Sunny Adé, ọmọ Oǹdó wa, lè gba ojú kan àwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú, láìjá lẹ́ẹ̀kan. Gìtá á ṣáájú, àwọn elégbè á gbà á lẹ́nu rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá rọlẹ̀, á ku gángan nìkan tí ń sọ̀rọ̀. Ẹ ó gbé ọwọ́ sókè sí oníbàárà tó ń béèrè iye tí kásẹ́ẹ̀tì jẹ́. "Ẹ jẹ́ kó sọ tán ná." Bó bá wá kan Orlando Owoh, ọmọ Ìfọ́n, ẹ kì í tilẹ̀ tajà mọ́. Ẹ ó jókòó, ẹ ó dijú, ọjà ó dúró.

Mo fẹ́ràn yín nígbà yẹn ju bí mo ti lè fi ẹnu sọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kì í jẹ́ kí ènìyàn jiyàn orin pẹ̀lú yín, ẹ jẹ́ kí n jà á báyìí.

Àwọn àwo dúdú tó wúwo, tó máa ń fọ́ bí ó bá já bọ́, tí bàbá yín tọ́jú sábẹ́ ibùsùn, ẹ̀yin lẹ fi wọ́n hàn mí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ojú kan wọn ń gbà. Nígbà tí Túndé King kọ́kọ́ gbé jùjú sínú àwo l'Ékòó ní àwọn ọdún 1930, ìwọ̀n àyè tó ní nìyẹn, ó sì sọ tinú rẹ̀ tán níbẹ̀. I.K. Dáíró ńkọ́? Àwo kéékèèké ló fi gba ìgboro kan, àwọn orin tí kò gùn rárá, wọ́n sì gbé e dé ibi tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Orin gígùn tí ẹ ń pè ní orin gidi, ìgbà owó epo rọ̀bì ló gbòde, ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí àwo ńlá wọlé, tí olówó tuntun ń ṣe òkú, ń ṣílé, ń jẹ oyè, tó sì fẹ́ kí wọ́n kọrin òun mọ́jú. Nígbà tí àwọn òyìnbó sì gba Sunny Adé lọ́wọ́ wa ní 1982, orin méje ni wọ́n kó sínú àwo Juju Music. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gba ojú kan tán. Wọ́n gé e kí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè gbà á. Ẹ̀yin náà tà á, ẹ sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́ ara ṣọ́ọ̀bù kí gbogbo Àkúrẹ́ lè rí i.

Nítorí náà, ẹ má fi kúkúrú orin dá àwọn ọmọ òde òní lẹ́bi. Ọjà ló ń pinnu bí orin ṣe máa gùn tó. Lórí Spotify, bí ènìyàn bá ti gbọ́ orin fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, wọ́n ti kà á pé ó gbọ́ ọ. Ta ló wá máa kọ ogún ìṣẹ́jú, nígbà tí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ á mú iye kan náà wá?

Ẹ má sì sọ fún mi pé wọn kò ní ohùn. Mo ti jókòó ti Asake, mo gbọ́ ọ dáadáa. Fújì wà lọ́fun ọmọ yẹn. Ọ̀pọ̀ èrò tó ń gbè é, tí ohùn wọn ń ya bo tirẹ̀ bí ìgbà tí gbogbo agbo bá gbà á, kì í ṣe ohun tí ó rí lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí Síkírù Àyìndé Barrister là yóò mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Ibi tí mo ti gbà fún yín rèé. Ìlù inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń mú wá láti Gúúsù Áfíríkà ń dún wọnú egungun, èmi náà máa ń mi orí sí i bí mo bá ń fọ abọ́. Àmọ́ kò lè kì mí. Gángan a máa wo ojú mi, á mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, á pe bàbá mi, á pe ìyá tó bí bàbá mi, ara mi á sì bù mọ́ṣọ̀. Kò sí ohun tí mo gbọ́ lórí fóònù títí di òní tó ṣe èyí fún mi. Bí ẹ bá ní ìyẹn ló kú, n kò ní bá yín jà.

Àmọ́ ẹ̀yin lẹ yẹ kí ẹ gbẹ́yìn nínú àwọn tí yóò sọ ọ́, Bàbá Kékeré. Ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Tàbí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí n kò rí bi yín nìyẹn.

1987. Ìsìnkú bàbá mi, ẹ̀gbọ́n yín. Wọ́n ta kánópì dí títì, ẹgbẹ́ olórin ti tò sórí pẹpẹ, aṣọ funfun, gìtá mẹ́rin. Ẹ fa bébà ya nínú ìwé tí ẹ fi ń kọ gbèsè ṣọ́ọ̀bù, ẹ tẹ́ ẹ sórí orúnkún, ẹ ń kọ orúkọ àwọn ọmọ olóògbé fún olórin. Mo dúró lẹ́yìn yín. N kò bẹjú wò ó, torí ọmọ kì í bẹjú wo ohun tí àgbà ń kọ. Wọ́n pè yín níbi tí wọ́n ti ń bu ẹmu, ẹ dìde, ẹ padà, ẹ tún kọ díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ẹ ká bébà náà, ẹ fi lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú owó.

Ìyá mi ti kó jáde kúrò nílé bàbá mi nígbà yẹn. Ẹ̀yin mọ bó ṣe jáde, n kò ní tún un sọ níbí.

Owó tuntun wà lọ́wọ́ mi, mo ti pààrọ̀ rẹ̀ ní báńkì. Olórin pe ẹ̀gbọ́n wa àgbà, ó jáde, wọ́n ná owó fún un. Ó pe èkejì. Ó pe àwọn ìbejì. Mo ti ń tún gèlè mi ṣe, torí èmi ló kàn. Ó pe àbúrò mi. Gángan gbà á, ó sọ orúkọ àbúrò mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní bóyá ó fẹ́ padà sẹ́yìn. Ó bọ́ sí ọ̀rọ̀ àwọn àna. Ilẹ̀ mọ́, kò pè mí.

Ṣé ẹ̀yin ni ẹ kò kọ ọ́, àbí òun ni kò rí i kà? Ṣé ọwọ́ ẹmu ló ta sórí bébà? Gbogbo ìyókù ayẹyẹ yẹn ti parẹ́ lọ́kàn mi, n kò lè sọ aṣọ tí ìyàwó yín wọ̀, n kò mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ olóògbé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lẹ́yìn tí orin ti kọjá mi, ẹ dìde láàárín èrò, ẹ gbé àwo àsun kan wá fún mi. Ẹ̀yin fúnra yín. Ẹran tó dára jù ló wà níbẹ̀. Ẹ ní, "Jẹun, ọmọ mi." Kí ló dé tí ẹ gbé e wá fún èmi nìkan? Ẹni tí kò mọ nǹkan kan kì í dìde bẹ́ẹ̀. Mo ti yí àwo àsun yẹn po lọ́kàn láti ìgbà náà, n kò rí ìdí rẹ̀.

Ẹ máa ń ní orin ìgbà yẹn mọ ènìyàn. Ó mọ ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ fún un. Ẹni tí kò sẹ́ni tó fà á sí i ń gbé owó tuntun rẹ̀ lọ sílé.

Àti kásẹ́ẹ̀tì yẹn náà. Àwo kan lẹ ó rà, ẹ ó sì máa dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ di alẹ́. Kọ́bọ̀ kan kò dé ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́. Gbogbo ìlú ló ń ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò kà á mọ́ ohun tó pa orin rí. Lónìí, owó tí wọ́n ń ná fún olórin lójú agbo gan-an ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n: òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ti kà á léèwọ̀, ní 2024 wọ́n sì rán ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n lórí rẹ̀. Onígìtá mẹ́rin, onígángan, onísẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn elégbè, dẹ́rẹ́bà wọn, níbo ni kí wọ́n ti jẹun? N kò rò pé àwọn ọmọ yín tó ń wá DJ burú. Owó ni wọ́n ń ṣírò.

Èmi náà ń ṣírò. Ọmọkùnrin mi kejì wà nínú yàrá ní Ìjòká bí mo ti ń kọ̀wé yìí, ó fi nǹkan bo etí méjèèjì, ó ń to ìlù sínú kọ̀ǹpútà. Kò lọ sí yunifásítì mọ́. Ó ní orin lòun yóò ṣe. Bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà Àjíǹde. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò tíì jáde, gbogbo ìgbà tí mo bá lọ béèrè ni wọ́n ń ní kí n padà wá, epo jẹnẹrétọ̀ tó ń jó lóru sì ń jẹ mí lápò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wá bá mi ní kíṣìnnì. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ kì mí. Gbogbo oríkì ilé yín l'Óǹdó, mo fẹ́ gba ohùn yín sílẹ̀, òun ni mo fẹ́ fi ṣíde orin mi."

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo dé orúkọ bàbá mi, n kò rí èyí tó kàn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n tán, Bàbá Kékeré. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pè mí pé ẹ ti lọ.

Ilé ìwé ti ní bí kò bá san owó kí oṣù yìí tó parí, àwọn yóò yọ orúkọ rẹ̀. Maikirofóònù tí òun ń fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí owó náà. Kò sí èyí tí mo lè ṣe nínú méjèèjì àfi kí n fọwọ́ kan owó tí mo tọ́jú fún aṣọ ẹbí yín. Bàbá rẹ̀ ní kí n má dán an wò. N kò tíì mọ èyí tí n ó ṣe. Ṣùgbọ́n bí n kò bá sí láàárín àwọn tó wọ aṣọ ẹbí lọ́jọ́ náà, ẹ má ṣe bínú sí mi.

Èmi ni,
Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, Àkúrẹ́.