Ẹ̀yin Àgbà Winning Eleven, Ẹ Jẹ́ Ká Gba Kámú

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Lẹ́tà yìí kò kan òṣèlú, kò sì kan owó epo. Gémù bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé àwa tí a dàgbà sídìí Winning Eleven nílùú Ìlọrin yìí pọ̀ rẹpẹtẹ, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí a ti ń kanra mọ́ àwọn ọmọ tó ń gbá eFootball, gémù tó rọ́pò rẹ̀, lórí fóònù. Mo wà lára àwọn tó ń kanra jù. Mo ti sọ ìbínú tèmi kalẹ̀ báyìí, mo sì fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi bá mi sọ tiwọn kalẹ̀.

Lọ́dún 2006 tí PES 6 (Winning Eleven náà ni, orúkọ rẹ̀ ní Yúróòpù ló jẹ́ bẹ́ẹ̀) jáde, ilé gémù kan wà ní Tanke tí ẹ kò lè wá mi tì níbẹ̀ tí a bá ti jáde ní kíláàsì. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, PS2 (ẹ̀rọ gémù Sony) mẹ́ta, bẹ́ǹṣì onípákó méjì, òógùn àti èéfín jẹnẹrétọ̀. Ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹni tó nà án á jókòó de ẹlòmíì. Bí gólì bá ti ń wọlé ẹnì kan léraléra, gbogbo bẹ́ǹṣì á pariwo pé, "Gba páàdì lọ́wọ́ ẹ̀!" Páàdì kan, ìyẹn ohun tí a fi ń darí gémù, wà lápá òsì tí rọ́bà orí rẹ̀ ti jẹ tán, síbẹ̀ òun la máa ń jà sí, torí pé bọ́tìnnì rẹ̀ kì í há. Òfin kan ṣoṣo ni onílé gémù kọ mọ́ ara ògiri: kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú Inter Milan. Nítorí Adriano, iwájú wọn, ni. 99 ni wọ́n fún un nínú agbára ìgbábọ́ọ̀lù. Bó bá ti ráyè fi ẹsẹ̀ òsì gbá a, ó ti wọlé kí asọ́lé tó fò.

Chelsea ò jẹ́ Chelsea níbẹ̀, London FC ló ń jẹ́. Merseyside Red ni Liverpool. Konami tó ṣe gémù náà ò rí àṣẹ gbà láti lo orúkọ wọn. Ìyẹn ò dí wa lọ́wọ́ rárá. Ibi tí ọkàn tèmi wà gan-an ni Master League, apá gémù náà tí èèyàn ti ń darí ẹgbẹ́ tirẹ̀ láti sáà dé sáà. Wọ́n á kó àwọn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ wọn rí fún ọ: Castolo, Minanda, Ximelez, Ivarov tó ń ṣọ́lé. Kò sí wọn láyé yìí, Konami ló hùmọ̀ wọn. Àwọn ni wàá fi jà, díẹ̀díẹ̀, títí wàá fi rówó ra ògidì agbábọ́ọ̀lù. Odidi sáà ẹ̀kọ́ kan ni mo fi ṣe tèmi. Inú mẹ́mórì káàdì oní-8MB, tí PS2 fi ń tọ́jú ibi tí a gbá gémù dé, ló wà, mo fi bírò kọ orúkọ mi sórí bébà tí mo lẹ̀ mọ́ ọn. Mi ò ta Castolo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti lówó tí mo lè fi ra ẹni tó dáa jù ú lọ. Ọjọ́ tí ẹnì kan pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kó lè ráyè fi tirẹ̀ sí i, mi ò lè jẹun alẹ́.

Sony dáwọ́ ṣíṣe PS2 dúró nígbà tó di 2013. Àwọn tó ń ta CD ní Post Office ò jẹ́ kó kú mọ́ wa lọ́wọ́, wọ́n ń ti agbábọ́ọ̀lù tuntun bọ inú gémù àtijọ́, àwa náà sì ń rà á. Ìgbà tó wá di 2021, Konami pa orúkọ PES rẹ́, wọ́n ní eFootball ló kù. Kò sí CD, ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti ń mú un. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án ló jáde. Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù rí wúruwùru, Master League ò sí níbẹ̀, lọ́jọ́ kejì ni Konami fúnra wọn tọrọ àforíjì. (Àwọn ará FIFA, gémù bọ́ọ̀lù tó ń bá tiwa du ipò, náà ké nígbà tí tiwọn di EA Sports FC lọ́dún 2023, àmọ́ orúkọ ló yí padà fún wọn ju gémù lọ.) Ní tèmi, mo búra pé ọwọ́ mi ò ní kan nǹkan yẹn.

Iléyá èṣí ni mo jẹ ìbúra náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wá láti Ọ̀fà. À ń sun ẹran lọ́wọ́ nígbà tó na fóònù sí mi: "Ọ́ńkù, ẹ gbá ẹyọ kan." Mo nu ọ̀rá ẹran kúrò lọ́wọ́, mo gbà á. Kò sí bọ́tìnnì kankan, gíláàsì lásán ni, àtàǹpàkò mi sì ń bo ẹni tí mo fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sí mọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà ní Òmù-Àrán ni mo ń bá gbá. Ó nà mí ní 4-0. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí mo ti bọ́ọ̀lù gba àárín àwọn ẹ̀yìn méjì. Iwájú mi sáré bá a, ó yíra, bọ́ọ̀lù náà sún díẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kó tó kó o mọ́ra. Mo gbá a síta, àmọ́ mo mọ ìyíra yẹn. Tanke ni mo ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ méjèèjì ń pe ara wọn bí a ṣe ń gbá a lọ, mo sì gbọ́ tí ọmọ Òmù-Àrán ń pariwo pé, "Ta lo gbé e fún? Gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀!"

Mo rántí ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń mú CD PS1 tirẹ̀ wá sí Tanke nínú àpò ìwé. Ó ní PES ti ba Winning Eleven jẹ́. Bẹ́ẹ̀ nǹkan kan náà ni: Winning Eleven ni Konami sọ ọ́ ní Japan láti 1995, ọdún 2001 ni Pro Evolution Soccer ṣẹ̀ṣẹ̀ di orúkọ rẹ̀ ní Yúróòpù. A ò jẹ́ kó fi CD náà sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó yá, a ò rí i mọ́. Ó dùn mí báyìí, torí ohun tí a ṣe fún un náà ni a ń ṣe fún àwọn ọmọ yìí: ẹ̀yin ò mọ gémù, ẹ gbé e kúrò níbí.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo gbà o. Kí ọmọ máa fowó ra kọ́ìnì láti fi wá agbábọ́ọ̀lù bí ẹni ta tẹ́tẹ́, mi ò fẹ́ ẹ, mo sì ti sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó sì yẹ kí Konami dá Master League padà fún wa.

Ọmọ náà ti ní òun fẹ́ rí Castolo. PS2 mi ṣì ń ṣiṣẹ́, mẹ́mórì káàdì ni kò sí. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ṣì ti ń ta oní-8MB ní Ìlọrin tàbí ní Ọ̀fà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé yìí kí àwọn ọmọ tó gba ọlidé.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan ní Sango, Ìlọrin