Ọyẹ́ Ti Ń Bọ̀, Ààlà Iná Wa Kò Tíì Dé Ẹ̀yìn Ọjà: Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ìlú

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé lóko, àti ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfojúsọ́nà ilé. A kò ní padà sórí bí ọ̀rọ̀ ààlà iná ṣe bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ tí a fẹ́ ṣí koríko rẹ̀ kúrò yí ìlú po, kí iná ìgbẹ́ má baà rí nǹkan jẹ wọlé. Gbogbo wa la jọ wà ní ìpàdé ọdún Àjíǹde tí a ti pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn kan tilẹ̀ dìde jó. Ibi tí iṣẹ́ dúró sí la fẹ́ sọ.

Láti ẹ̀yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ìdí àpáta, kátápílà ti ṣí i. Láti ìdí àpáta lọ sí ẹ̀yìn ọjà, tó jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni iná máa ń gbà wọlé, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Ojú ẹsẹ̀ kátápílà ṣì wà nílẹ̀ níbi tó ti yí padà. Eèsún ti hù láàárín rẹ̀, ó ti ga ju ènìyàn lọ.

Ẹ rántí Ṣẹẹrẹ tó kọjá. Pápá kì í jó kí màjàlà má ṣòfófó: orí gbodo tí àwọn ìyá wa sá sórí àpáta ni màjàlà kọ́kọ́ bà lé lọ́jọ́ náà, dúdú lórí funfun, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ariwo iná. Ìyá kan ń fi ìgbálẹ̀ gbá a kúrò, ó rò pé ẹnìkan ló ń sun ààtàn. Kó tó gbá a dé ìdajì, ọyẹ́ ti gbé iná fo ọ̀nà. Oko kajú mẹ́ta bá a lọ, àti àká àgbàdo kan, àti orí ilé àwọn olùkọ́. Iná kò tilẹ̀ dé ara ògiri ilé olùkọ́ o. Màjàlà ló gba àlàfo tó wà láàárín ògiri àti páànù wọ inú àjà, ó bá ìtẹ́ ẹyẹ àti ewé gbígbẹ níbẹ̀, ó sì rí nǹkan jẹ. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Tapólì ló bù sí ilé olùkọ́, òun náà ló sì wà lórí rẹ̀ títí di òní.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ èyí tó dùn wá jù. Àwọn ará òkè odò, àwọn tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọjọ́ ìlú, ti fi ààlà yí ìlú wọn po. Òkè-Ògùn kan náà la jọ wà, ọyẹ́ kan náà ló ń fẹ́ lù wá. Nígbà tí òjò dé, wọ́n fi ilẹ̀ ààlà náà lé àwọn obìnrin lọ́wọ́, wọ́n ní kí wọ́n gbin ẹ̀pà sí i. Ẹ̀yin àgbẹ̀ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Wọ́n ro ó, wọ́n hú u, ilẹ̀ wà níhòòhò kí ọyẹ́ tó dé. Iná dé ibẹ̀, kò rí nǹkan jẹ, ó kú. Wọn kò náwó lé ìtúnṣe, wọ́n tún ta ẹ̀pà. Àwa la kọ́kọ́ dá àbá yẹn! Ó wà nínú ìwé ìpàdé wa. Owó irúgbìn la kò rí dá. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn bi akápò wa bóyá ká wá yá ọkọ́ lọ́wọ́ àwọn. Akápò kò rí èsì fọ̀.

Lórí owó ààlà iná tí a ti kó tẹ́lẹ̀, a ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a kò sì ní sọ ọ́ mọ́. A ti gbọ́ ohùn tí ẹnìkan gbà sílẹ̀ tó ń káàkiri orí WhatsApp, pé ìgbìmọ̀ ti jẹ owó kátápílà. Dísẹ́ẹ̀lì ló jẹ ẹ́. Iye tí wọ́n ń tà á nígbà tí a ṣe ìṣirò kọ́ ni iye tí a bá nígbà tí a fẹ́ rà á. Ẹni tó ni kátápílà gba àsansílẹ̀ ọjọ́ mẹ́wàá, ó ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà, ẹ̀rọ bàjẹ́, ó gbé e lọ. A ti gba owó ọjọ́ méjì padà lọ́wọ́ rẹ̀, a ṣì ń lé e lórí ọjọ́ méjì tó kù. Gbogbo rísíìtì la lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìlú, àyàfi ti oúnjẹ awakọ̀, nítorí ìyá olóúnjẹ kì í kọ rísíìtì. Ọ̀kadà tí alága ń gùn, ọmọ rẹ̀ ló rà á fún un. Kò kan ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀.

Ìdí tí a fi ń kánjú ni pé koríko ṣì tutù nísàlẹ̀ báyìí. Tí ààlà bá parí nínú Bélú, a lè sun koríko tó wà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀, kí ìrì òru bá wa pa á. Iná ìgbà yẹn a máa rọra jó nílẹ̀, kì í gun igi irúgbá àti igi ẹ̀mí. Bí àwọn òṣìṣẹ́ Old Oyo National Park náà ṣe ń sun tiwọn ní kùtù ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá di Èrèlé, tí ọdẹ kan tó ń wá òyà bá ṣáná sí i, tàbí tí ẹni tó ń sun èédú bá fi ebu sílẹ̀ lọ jẹun, kò sí ewé tútù tí a máa fi lù ú tó máa gbọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní California, ẹ̀yin lẹ fi fídíò iná Los Angeles ránṣẹ́ sí wa ní Ṣẹẹrẹ 2025, ẹ ní ká gbàdúrà. A gbàdúrà. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wa pé, ní àwọn àdúgbò tí iná ìgbẹ́ ti ń ṣọṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, òfin ní kí onílé tún àyíká ilé rẹ̀ ṣe ní ẹsẹ̀ bàtà 100, tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ń pa òfin yẹn mọ́ níbẹ̀. Ilé yín tó wà nílé ńkọ́? Ilé mọ́kànlá la kà ní òpópónà tuntun nìkan, tí ẹ tì pa, tí koríko ti dé ojú fèrèsé. Táìsì ń dán níwájú, eèsún ń mì lẹ́yìn. Iná tó bá gba ibẹ̀ wọlé, ilé ìyá arúgbó tó múlé tì yín ló máa rí jó.

Ti ẹ̀yin tó wà nílé kò gba owó púpọ̀. Ẹ kó igi ìdáná kúrò lára ògiri. Ẹ gbá ewé kúrò lórí páànù, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí àlàfo abẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé jálá epo bẹntiróòlù kúrò nínú yàrá, kí dúrọ́ọ̀mù omi kan sì wà lójúde.

Ó ṣòro fún wa láti kọ èyí tó kàn yìí, nítorí bùrọ̀dá àti àǹtí wa la ń kọ ọ́ sí. Igba ènìyàn ló ra aṣọ ẹbí ọjọ́ ìlú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, aṣọ ò tilẹ̀ kárí. Nínú igba yẹn, àwọn tó san owó ààlà iná kò pé àádọ́rin. Agboolé kan wà, a kò ní dárúkọ, olóyè mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló san ní agboolé náà, opó tó ń ta ẹ̀kọ ni. Owó wẹ́wẹ́ ló kó wá nínú ọ̀rá, ó ní ká kà á lójú òun. A kà á, ó pé. Ẹ̀yin olóyè, ẹ dákun.

A mọ̀ pé ìlú le, a mọ̀ pé owó ilé ìwé ọmọ wà nílẹ̀. Ẹni tí kò bá lè san lẹ́ẹ̀kan, kó san án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò lè san rárá, kó mú àdá wá ní Sátidé. Ìlú tó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé ìwé gíga kí ìjọba tó rántí wa, tó fi èjìká ru òpó iná mànàmáná gun òkè, ṣé koríko ni yóò wá borí rẹ̀?

Ẹni tó wà nílé, ₦10,000. Èkó, Ìbàdàn, Àbújá, ₦25,000. Òkè òkun, dọ́là 50. Àpò ẹgbẹ́ ní báńkì kò yí padà, nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn káàdì ẹgbẹ́ yín. Ẹ kọ orúkọ àti agboolé. Ẹ má san án sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, títí kan alága. Ó parí ní 10 Bélú.

Akọ̀wé, lórúkọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ.

Ẹni tó ni ilé onígéètì aláwọ̀ ewé lẹ́yìn ọjà: a ti bá yín sán ẹ̀yìn ilé yín ní Sátidé tó kọjá, nítorí ẹ kò gbé ìpè wa. ₦8,000 lowó àwọn alágbàṣe. Ejò méjì ni wọ́n pa níbẹ̀.