Ìyábọ̀, ọ̀rọ̀ Dàpọ̀ rèé

Òkè Àdó, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyábọ̀ tèmi,

O kú òtútù o. Mo mọ̀ pé inú á ti máa bí ọ pé mi ò gbé fóònù nígbà tí o pè lọ́jọ́ Sátidé. Màmá ló jókòó tì mí, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ lẹ́nu mi. Ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́.

Wọ́n ti dá ìgbéyàwó Dàpọ̀ àbúrò mi dúró.

O mọ bí àyẹ̀wò ìgbéyàwó ṣe máa ń rí. Jẹ́nótáìpù dára, HIV ò sí, gbogbo wa ti ń rẹ́rìn-ín. Àṣé hepatitis B, fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ń bẹ níwájú. Wọ́n ní kí Dàpọ̀ padà wá lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n kó tó délé, bàbá ọmọbìnrin yẹn ti gbọ́. Má bi mí léèrè ẹni tó lọ sọ. Nígbà tó fi máa di alẹ́, wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n pé éèdì tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe ọmọ wa. Ìyá ìyàwó kó àwo tí Dàpọ̀ fi jẹun nílé wọn, ó lọ dà á sẹ́yìnkùlé. Àwo tánganran tó jẹ́ pé àlejò nìkan ni wọ́n ń gbé e jáde fún! Mo ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n máa kó o bọ̀ lọ́dọ̀ mi, pé fáírọ́ọ̀sì yìí kì í gba inú àwo wọ ara ẹnikẹ́ni. Wọn ò rẹ́rìn-ín o.

Èmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹ̀rín rín, ká sòótọ́. Bọ̀ọ̀dá Làyí ni mò ń rántí ṣáá. Ojú tó pọ́n, ikùn tó wú, àti ẹni tí wọ́n ní ó fi àìsàn náà ṣe wọ́n. Ìwọ náà wà níbẹ̀.

Àlàyé tí o fi ránṣẹ́ sí mi nípa iṣẹ́ ìwádìí yín lórí fáírọ́ọ̀sì yìí, èyí tí mo ní kí o dákun má fi yọ mí lẹ́nu, mo ti wá kà á báyìí, mo tún wá àwọn yòókù kún un. Àwọn ọmọ SS2 ni mò ń kọ́ ní bàọ́lọ́jì, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi mí ní ọ̀rọ̀ m6A, àmì kékeré tí sẹ́ẹ̀lì ń fi sára RNA, rí. Jẹ́ n sọ bó ṣe yé mi, tí mo bá ti ṣì í, kí o tún un ṣe.

DNA, ìwé tí gbogbo àṣẹ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ni hepatitis B fi pamọ́ sínú núkílíọ́ọ̀sì, yàrá àárín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Láti ibẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á bá a kọ RNA, ìyẹn ẹ̀dà ìwé náà, fáírọ́ọ̀sì á sì fi RNA yẹn ṣe DNA mìíràn. METTL3, ẹ́ńsáìmù tó ń fi àmì m6A yẹn sórí lẹ́tà A nínú RNA tiwa, kò ya ti àlejò sọ́tọ̀, ó ń kọ ọ́ fún un bákan náà. Àfi bíi kí àjèjì wọ̀lú láyé àwọn bàbá wa, kí olóólà tiwa gan-an kọ gọ̀m̀bọ́ sí i lójú. RIG-I, ọlọ́dẹ inú sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó pariwo olè, á wò ó, á ní ọmọ ilé ni, á padà lọ jókòó. Bí mo ṣe kà á dé ibẹ̀ ni mo pàtẹ́wọ́ fún kòkòrò burúkú yẹn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti wá dà mí lórí rú ni ohun tí onímọ̀ Siddiqui àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní yunifásítì San Diego kọ ní 2018. Àmì kan náà ló wà ní ìpẹ̀kun orí RNA hepatitis B, ó tún wà ní ìpẹ̀kun ìdí rẹ̀. Ti orí ń ràn án lọ́wọ́ láti ṣe DNA, ti ìdí ń jẹ́ kí RNA náà tètè bàjẹ́. Ẹ tún gbé ti hepatitis C, fáírọ́ọ̀sì ẹ̀dọ̀ mìíràn, dé: àwọn ará yunifásítì Duke ti rí i ní 2016 pé tí wọ́n bá dín METTL3 kù nínú sẹ́ẹ̀lì, ńṣe ni fáírọ́ọ̀sì ń tú jáde sí i! Kí wá ni kí èèyàn fi irú àmì bẹ́ẹ̀ ṣe? Tí ẹ bá sì ní kí METTL3 má ṣiṣẹ́ mọ́ rárá, RNA tiwa tó ń kọ àmì sí ńkọ́? Mo ti wá mọ ìdí tí o fi ń sọ pé kí n má retí oògùn láti ibẹ̀ láìpẹ́.

Mo ṣe gbogbo àlàyé yìí fún Dàpọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣé oògùn wà àbí kò sí?" Mo ní tenofovir wà, ibi tí RNA ti ń di DNA gan-an ló ń dí, àmọ́ kò lè lé èyí tó ti sá pamọ́ sínú núkílíọ́ọ̀sì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó pẹ́. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ni wọ́n ń fún, wọ́n á kọ́kọ́ wo iye fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti bí ẹ̀dọ̀ ṣe rí. Ó gbọ́, ó mi orí. Ó wá gba ọjà Jagun lọ ra àgbo. Elégbòogi ní ìgò mẹ́ta péré ló máa fọ̀ ọ́ dànù. Ẹ̀dọ̀ tí a ń bẹ̀rù fún ló ń da ohun tí a ò mọ̀ lé lórí yẹn! Mo bá a jà títí.

Ọmọbìnrin náà dáa o, Ìyábọ̀. Ó ń yọ́ pè mí. Ó ti lọ ṣe tirẹ̀, kò ní in, ó sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta. Ó ní òun ti bèèrè pé bí òun bá bímọ, kí wọ́n fún ọmọ ní tirẹ̀ kó tó pé wákàtí 24. Bàbá rẹ̀ ló kù, ìyẹn á rọ̀ tó bá yá.

Gáàrì ti gbówó lórí, iná ń ṣe bó ṣe fẹ́, Ọ̀gá Múfú ti gbé ìyàwó míì, oríta Takie ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn nìyí. Dókítà bi Dàpọ̀ pé, "Ìyá yín ńkọ́?" Nínú ọmọ 10 tó bá kó o nígbà ìbí, bíi 9 ni kì í kúrò lára wọn. Àgbàlagbà tó bá kó o, èyí tí kì í kúrò lára wọn kò tó 5 nínú 100. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára yẹn wọ inú àwọn tí wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà. Dàpọ̀, 1993. Èmi, 1990. Bá mi ṣírò ẹ̀.

Màmá ò tíì gbọ́ ìbéèrè dókítà o. Báábà ìdí páàkì ni wọ́n di ẹ̀bi rù, wọ́n ń fi òjòjúmọ́ ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ní kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé mo ní àwọn ni wọ́n kó o ran ọmọ àwọn. Ìwọ ni wọ́n ń pè ní dókítà wọn. Jọ̀ọ́, bá mi pè wọ́n. Má fi Dàpọ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí wọn dáadáa, jẹ́ kí wọ́n kì ọ́, kí wọ́n ráhùn orúnkún tán. Kí o wá sọ pé ó lè wà lára èèyàn fún ọgbọ̀n ọdún láìsọ̀rọ̀, pé kò sí ìyá tó mọ̀ nígbà náà, pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìwọ mọ bí o ṣe máa sọ ọ́.

Èmi náà ò tíì lọ ṣe tèmi. Mo ń sọ fún Dàpọ̀ pé Màmá ni mò ń dúró dè, ká lè jọ lọ. Má bi mí ní nǹkan kan lórí ìyẹn.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni kí o pè, kó tó di aago mẹ́rin, torí wọ́n ní ìpàdé ẹgbẹ́. Má fi fídíò pè o, wọ́n á kàn máa wo bí o ṣe rù ni, wọn ò ní gbọ́ ohun tí o ń sọ.

Kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àbẹ̀ní

Tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ẹni tó sọ fún ọ, Dàpọ̀ ni o.