Ẹ̀sùn lórí ọtí àjàrà aláwọ̀ ọsàn tí mo rà lọ́wọ́ yín

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Sí Ọ̀gá tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ lẹ́tà yìí láti fi ẹ̀sùn sùn nípa ìgò méjì ọtí àjàrà aláwọ̀ ọsàn tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù yín, àti nípa ìwé ìtọ́ni tí ẹ fi sínú páálí rẹ̀, nítorí pé àti ọtí àti ìwé ni wọ́n jọ dójú tì mí níwájú àwọn àna mi.

Ìwé yín sọ pé ọsàn ni wọ́n fi ṣe ọtí náà, pé kí a tì í bọ inú yìnyín títí yóò fi tutù nini, kí a sì fi sàláàdì mu ún. Kò sí ọsàn nínú rẹ̀ rárá. Àjàrà funfun ni, tí wọn kò ya èèpo rẹ̀ sọ́tọ̀ nígbà tí omi rẹ̀ ń hó di ọtí. Èèpo yìí ló fún un ní àwọ̀, òun náà ló sì jẹ́ kí ó máa fa ahọ́n bí ìgbà tí ènìyàn bá ń jẹ obì. Ara ìgò fúnra rẹ̀ sọ pé orílẹ̀-èdè Jọ́jíà (kì í ṣe ti Amẹ́ríkà) ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń pọn ọtí nínú ìkòkò amọ̀ ńlá tí à ń pè ní qvevri, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tí UNESCO kọ sínú àkójọ àjogúnbá aráyé ní 2013. Ó dà bíi pé ẹni tí ó kọ ìwé yín kò ka ara ìgò.

Bí a ṣe bu ìgò kìíní bẹ́ẹ̀ láti inú yìnyín, ó korò, kò sì ní òórùn kankan. Ìyá ìyàwó mi tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó sì rọra ti ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà tí ìgò náà jókòó sórí tábìlì, tí òtútù rẹ̀ rọlẹ̀ tó bíi ìwọ̀n 12 sí 14 Sẹ́lísíọ́sì, ni òórùn oyin àti ti ewé tíì gbígbẹ tó jáde. Wàrà díndín àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí onírú ló wá bá a mu jù lọ, nítorí fífa ahọ́n yẹn ń gé ọ̀rá oúnjẹ, òórùn irú kò sì borí rẹ̀. Sàláàdì ni ọtí náà ì bá bò mọ́lẹ̀.

Ti ìgò kejì kọjá ọ̀rọ̀ ìtọ́ni. Ìdérí rẹ̀ ti yọ sókè, ọtí ti ṣàn gbẹ mọ́ ọrùn ìgò, òórùn ọtí kíkan àti ti ọ̀dà èékánná sì ń jáde nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dá mi lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù ní bí irú ọtí yìí ṣe ń rí nìyẹn. N kò gbà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìgò kò bí mi nínú, torí a kì í sábà sẹ́ irú ọtí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọtí fa ahọ́n yàtọ̀ sí kí ó kan. Ojú fèrèsé, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń pa wọ́n, ni ẹ to àwọn ìgò náà sí.

Nítorí náà, mo ń béèrè pé kí ẹ dá owó ìgò kejì padà fún mi, kí ẹ kó ìwé ìtọ́ni yẹn kúrò nínú gbogbo páálí, kí ẹ sì gbé àwọn ìgò tó kù kúrò lójú oòrùn. Ìwé ẹ̀rí owó tí mo san wà nínú àpòòwé yìí. Mo ti dé ìgò náà padà pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Ẹ lè rán ẹni tí ó mọ ọtí wá gbóòórùn rẹ̀ nílé mi.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Àjàṣẹ́