Lẹ́tà ẹ̀sùn kẹfà lórí àpótí báàtì kíríkẹ́ẹ̀tì mi tó há sí quarantine

Sí Máníjà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn kọ́sítọ́mà níléeṣẹ́ tó ń bá wa fi ẹrù ránṣẹ́ sókè òkun,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé ẹ ti mọ̀ mí, torí lẹ́tà kẹfà tí mo máa kọ sí yín rèé, ẹ ṣáà tẹ nọ́ńbà ẹrù mi sínú kọ̀ǹpútà yín, gbogbo ẹ̀ ló máa jáde, ọjọ́ tí mo sanwó, ọjọ́ tẹ́ ẹ wá gbé e, ọjọ́ tó gúnlẹ̀ sí Ọsirélíà, ọjọ́ tó há sọ́wọ́ àwọn quarantine, àwọn tó ń yẹ ẹrù wò kí kòkòrò má bàa tinú ẹ̀ wọ ìlú wọn, gbogbo ẹ̀ pátá. Mi ò ní tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́, mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tó gbé fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé kí lorúkọ ẹ̀, ó ní ìyẹn ò kàn mí. Mo ní kò burú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, mi ò tíì dé ìdajì tó fi já lu ọ̀rọ̀ mi: "Ṣé o ò mọ̀ pé igi lo fi ránṣẹ́ ni? Kí lo rò pé wọ́n máa ṣe? Ìwọ lo fà á sọ́rùn ara ẹ." O, o, ìwọ, ìwọ. Ọmọ tí mo lè bí! Mo dákẹ́ ná, mo ní bóyá á tiẹ̀ rántí sọ pé ẹ má bínú. Orin yín ni mo gbọ́, orin tẹ́ ẹ máa ń gbé sí i téèyàn bá ń dúró yẹn. Ìṣẹ́jú 47 kí láìnì tó gé. Mo ti mọ orin yẹn sórí báyìí, mo máa ń kọ ọ́ tí mo bá ń wẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ síra wa. Báàtì kíríkẹ́ẹ̀tì 12 ni, igi sì ni wọ́n fi ṣe wọ́n, mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí n tó sanwó rárá ni mo ti bi obìnrin tó wà ní káńtà yín pé mo gbọ́ pé àwọn ará Ọsirélíà kì í fi ọ̀rọ̀ igi ṣeré, kí ni kí n ṣe o? Ó ní kí n fọ̀ wọ́n dáadáa, kó má kù iyẹ̀pẹ̀ kankan lára wọn, kí n kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé igi ni, tó bá di ti àpótí, ẹ̀yin lẹ máa kàn án, àpótí "tó bófin mu". Ó wà nínú rìsíìtì mi, torí ẹ gbowó àpótí yẹn lọ́tọ̀.

Mo fọ̀ wọ́n o. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ha ìdí báàtì kọ̀ọ̀kan, ibi tó máa ń gbálẹ̀ yẹn, tí ẹrẹ̀ máa ń wọnú ibi tó ti sán, mo fi abẹ́rẹ́ yọ èyí tó há sábẹ́ rọ́bà ọwọ́ ẹ̀, mo fi sáńpépà họ wọ́n, mo sá wọn sóòrùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Odindi ọjọ́ méjì. Ìyàwó mi bi mí bóyá ọmọ tuntun ni mò ń wẹ̀.

Ṣé ẹ mọ nǹkan tí àwọn quarantine wá sọ? Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe báàtì. Àpótí yín ni! Wọ́n fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi tí ẹrù ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Èèpo igi ṣì wà lára pákó kan, èèpo o, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e nígbó, ihò kéékèèké méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìyẹ̀fun igi ń jáde níbẹ̀, èyí tó ń fi hàn pé kòkòrò ti gba ilé síbẹ̀. Ẹ yí àpótí yẹn po, ẹ ò ní rí òǹtẹ̀ kankan. Àmì tó dà bíi ṣírí ọkà yẹn, tí wọ́n kọ IPPC sí, ìyẹn àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo irúgbìn, tí kóòdù orílẹ̀-èdè àti HT, tó ń fi hàn pé wọ́n ti mú igi náà gbóná, máa ń wà lára ẹ̀, kò sí.

Èmi tí mi ò ṣiṣẹ́ ìkẹ́rù rí, mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. ISPM 15 lorúkọ òfin yẹn, ó ti wà láti 2002, pákó gidi tí wọ́n bá máa fi kan àpótí ẹrù tó ń lọ sókè òkun, wọ́n gbọ́dọ̀ mú un gbóná dé 56°C títí dé àárín inú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, tàbí kí wọ́n fín in lóògùn, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ plywood lẹ lò, òfin yẹn ò tiẹ̀ ní kàn án. Páálí lásán gan-an ì bá sàn ju èyí lọ. Ẹ wá gbowó lọ́wọ́ mi, ẹ fi ṣe nǹkan tó dá ẹrù mi dúró.

Síbẹ̀, ká ní ibẹ̀ ló parí sí, mi ò ní bínú tó báyìí, èèyàn lè ṣàṣìṣe. Ẹ̀yin ní kí n lọ bá àwọn aṣọ́bodè, aṣọ́bodè ní ẹni tó gbé ẹrù ni kí n bi, ẹni tó gbé ẹrù ní kí n pe àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, àwọn yẹn ní kí n padà sí ọ́fíìsì tí mo ti sanwó. Lágbájá jù mí sí Tẹ̀mẹ̀dù, Tẹ̀mẹ̀dù jù mí sí Lámọrín. Wọ́n tún ní máníjà máa pè mí ní Ọjọ́bọ̀ kó tó di aago 12. Mo gbé fóònù dání wọ ṣáláńgá lọ́jọ́ náà. Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta ti kọjá báyìí, Ọjọ́bọ̀ wo lẹ ní lọ́kàn gan-an? Ṣùgbọ́n bíìlì pé ẹrù mi ń pẹ́ nínú sítọ̀ kò gbàgbé ọ̀nà ímeèlì mi, lọ́jọ́ tó pé gẹ́lẹ́ ló dé. Ẹ kú àfiyèsí o.

Ọ̀nà mẹ́ta làwọn quarantine là sílẹ̀: kí wọ́n fín in lóògùn, kí wọ́n dá a padà, tàbí kí wọ́n run ún, èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹni tó ni ẹrù ló máa sanwó ẹ̀, wọ́n sì ti dá ọjọ́. Ẹ̀yin lẹ máa san owó oògùn yẹn. Ẹ̀yin lẹ máa san owó sítọ̀. Ẹ máa dá owó àpótí mi padà, kò sí àpótí níbẹ̀, igi ìdáná lẹ kàn pọ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ lé ọmọkùnrin yẹn o, kó ṣáà pè mí, kó sọ orúkọ ẹ̀, kó sì fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀.

Títí di ọjọ́ Ẹtì. Tí mi ò bá gbúròó yín, lọ́yà mi ló máa kọ lẹ́tà keje, mo máa ní kí báǹkì gba owó mi padà lọ́wọ́ yín, mo máa kó gbogbo ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbèjà oníbàárà, ohùn ọmọ yẹn wà nínú fóònù mi, mo ká a sílẹ̀. Fọ́tò àpótí yín náà wà lọ́wọ́ mi, ó mọ́lẹ̀ dáadáa, àwọn ihò yẹn hàn kedere, ó dá mi lójú pé àwọn èèyàn á fẹ́ rí i lórí Facebook.

Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ yín. Kó tó di aago 12, ẹ jọ̀ọ́.

Èmi ni,
Kọ́sítọ́mà yín, títí di ọjọ́ Ẹtì